Àlọ́ Orí Fóònù àti Ṣéńjì Ọjà'ba

Àdùkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ní kó o gbé e sílẹ̀ kó o gbọ́ mi. Láti ìgbà tó o ti jẹun àárọ̀ tán ni ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra yín lọ́wọ́ lórí WhatsApp ẹbí, tí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe èyí tó wà ní Bódìjà ní òpè, tí ìwọ náà ń da epo sí iná wọn. Kí lẹ̀ ń jà lé lórí? Ìṣirò ìlà kan péré: 8÷2(2+2). Àwọn kan ní 16 ni, àwọn kan ní 1 ni. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti bímọ! Èmi náà rí i, mo kàn dákẹ́ ni, torí bí mo bá dá sí i, ẹ ó ní tíṣà ti tún gbé pátákó rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ṣebí ìwọ tó ò ń fi BODMAS gún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lójú yìí náà ni mo rán lọ sí Ọjà'ba lánàá, pé kó o bá mi ra kọ́ńgò èlùbọ́ mẹ́ta. Ìyá elélùbọ́ ní ₦1,850 ni kọ́ńgò kan. Wọ́n ní ńṣe lo yọ fóònù láàárín ọjà, ò ń tẹ̀ ẹ́, èrò ń tì ọ́ síwá sẹ́yìn, alábàárù ń pariwo "Àgò o!" lẹ́yìn rẹ, bẹ́ẹ̀ ni fóònù kú mọ́ ọ lọ́wọ́. O wá na ₦6,000 sí ìyá oníyàá, o gba ṣéńjì, o rọ́ ọ sínú báàgì. Nígbà tó o délé tí mo bi ọ́ pé èló ni wọ́n fún ọ, o ní, "Àńtí, ohun tí wọ́n fún mi ló wà níbẹ̀ yẹn." Ohun tí wọ́n fún ọ! Orí ló bá ọ ṣe é tó fi jẹ́ pé ọmọlúàbí lo bá pàdé. Ìyá náà fún ọ ní ₦450, iye tó tọ́ sí ọ gan-an. Ká ní ₦250 ló fún ọ ńkọ́? Ìwọ ọmọ yunifásítì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ ì bá ṣe rọ́ ọ sínú báàgì, tí wàá sì tún kí i pé ẹ ṣeun mà.

Ìyá àgbà rẹ, ìyá tó bí èmi àti ìyá rẹ, ta èlùbọ́ ní ọjà yẹn kan náà títí ojú fi di bàìbàì. Kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga. Ṣé o fẹ́ mọ bí òun ì bá ṣe ṣe é? Ẹgbàá ó dín àádọ́jọ ni ₦1,850. Kọ́ńgò mẹ́ta ní ẹgbàá-ẹgbàá jẹ́ ẹgbàáta, ìyẹn ₦6,000 tó o mú dání. Ohun tó kù nínú owó rẹ wá jẹ́ àádọ́jọ lọ́nà mẹ́ta: ₦450. Ó parí! Ṣéńjì ti dé ọwọ́ rẹ kó o tó mọ iye tí èlùbọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́. Bó o bá wá fẹ́ mọ ìyẹn náà, yọ ₦450 kúrò nínú ₦6,000, ó ku ₦5,550. Kò sí pẹ́ńsùlù, kò sí ìwé, kò sí iná ẹlẹ́tíríìkì.

Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà láyé àtijọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀ ń fi ẹnu kà á lójoojúmọ́, ẹ ò sì fi ọkàn sí i. Ẹni tó bá pe márùndínlógójì ti dé orí ogójì, ó ti fi ẹsẹ̀ márùn-ún padà sẹ́yìn. Ibi tó bá rọrùn láti dúró sí ni wọ́n ń sá lọ, kí wọ́n tó wá yọ èyí tó lé. Lásìkò owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, tó gbé Ìjàyè kí àwọn bàbá wa ará Ìbàdàn tó fọ́ ìlú náà ní 1862 (ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn o), kọ ọ́ sínú ìwé kan tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887, bí oníṣirò ṣe máa ń jókòó ti òkìtì ẹyọ, tí á máa mú un ní márùn-ún márùn-ún, nígbà ogún, kó tó di ọgọ́rùn-ún, tí á wá gbá ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀ di igba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ lójúmọ́! Nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, èébú ńlá ni kí wọ́n wí fún ọ pé bó o ti gbọ́n tó yẹn, o ò mọ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án. Ó wà nínú àwọn òwe tí Crowther fúnra rẹ̀ kó jọ.

Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n? Má wo fóònù! Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ọ̀kànlélọ́gọ́rin. Ṣé o rí i pé kò pa ọ́?

Ó dáa, jẹ́ kí n bá yín parí ìjà orí fóònù yẹn kí ilé ó lè rọ̀. Ìṣirò 8÷2(2+2) kì í ṣe ti òní. Ní oṣù keje ọdún 2019 ló dá wàhálà sílẹ̀ lórí Twitter káàkiri ayé, débi pé ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, Steven Strogatz, ní láti kọ àròkọ lé e lórí nínú ìwé ìròyìn New York Times. Bí a bá tẹ̀ lé òfin tí a fi kọ́ yín níléèwé, ohun tó wà nínú àkámọ́ la ó kọ́kọ́ ṣe, ó di 4. Lẹ́yìn ìyẹn, pínpín àti ìsọdipúpọ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n, èyí tó bá ṣáájú láti ọwọ́ òsì la ó kọ́kọ́ mú. 8 sí ọ̀nà 2 jẹ́ 4, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ìwọ tó o ní 16 lo jàre nìyẹn, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Àwọn tó ní 1 náà kì í ṣe òmùgọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé algebra, nọ́ńbà tó bá lẹ̀ mọ́ àkámọ́ láìsí àmì kankan láàárín, ara kan náà ni wọ́n kà á sí. 2(2+2) á wá di 8 lódindi, 8 sí ọ̀nà 8 sì jẹ́ 1. Àwọn ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń tà fún yín pàápàá ò fi ohùn ṣọ̀kan lórí irú rẹ̀. Tẹ ọ̀kan, ó ní 16, tẹ òmíràn, ó ní 1.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ẹni tó kọ ọ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ játijàti ni kẹ́ ẹ lè bára yín jà. Kò sí oníṣirò gidi tó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò fa ìlà sí abẹ́ 8, tàbí kó fi àkámọ́ kejì sí i. Bí oníbàárà bá dé Ọjà'ba tó ní, "Ẹ bá mi di ata àti tòmátò ₦500," ṣé aláta á wá pe àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀ jọ kí wọ́n jiyàn lé e lórí ni? Á bi í léèrè: "₦500 kọ̀ọ̀kan ni, àbí méjèèjì ní ₦500?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìṣirò. Nínú ẹ̀yin mọ́kànlélógún tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ tó dùn mí, torí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. O ní pínpín gbọ́dọ̀ ṣáájú ìsọdipúpọ̀ torí pé D ló ṣáájú M nínú BODMAS. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? PEMDAS ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, M ló ṣáájú D ní tiwọn. Bó bá jẹ́ ìtò lẹ́tà ló ń ṣòfin, ìdáhùn ìṣirò á máa yí padà bí ènìyàn bá ṣe wọ bàálù. Ọ̀nà ìrántí lásán ni, kì í ṣe òfin Mósè.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ta àlọ́ ìṣirò o. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ wàyó lásán. Èyí tí wọ́n ń ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn àti bàtà sí, tí wọ́n á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan pamọ́ nínú ìdì tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n á wá kọ ọ́ sí òkè pé ọlọ́pọlọ pípé nìkan ló lè gbà á: ojú ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, wọn ò dán orí wò. Èyí tó dáa nìyí, gbọ́: aṣọ kan àti gèlè rẹ̀ jọ jẹ́ ₦11,000. Aṣọ fi ₦10,000 ju gèlè lọ. Èló ni gèlè?

Mo mọ̀. Mo rí i lẹ́nu rẹ. ₦1,000, àbí? Bí gèlè bá jẹ́ ₦1,000, tí aṣọ fi ₦10,000 jù ú lọ, ₦11,000 ni aṣọ nìkan, méjèèjì á wá di ₦12,000. Gèlè yẹn, ₦500 ni. Aṣọ jẹ́ ₦10,500. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Shane Frederick, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìbéèrè yìí jáde ní 2005, igi ìgbábọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù ló fi ṣe tirẹ̀, ó sì lé ní ìdajì àwọn ọmọ Harvard, Princeton àti MIT tó fi ẹnu gbá ìdáhùn tí ìwọ náà fẹ́ sọ yẹn. Ọmọ Harvard o! Wọ́n mọ ìṣirò. Èyí tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ló dùn, wọn ò padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Irú àlọ́ yìí ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ síra yín, torí ó ń kọ́ ènìyàn láti fura sí ẹnu ara rẹ̀. Bó ò bá sì fẹ́ ti fóònù, àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi wà níbẹ̀. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, ojú rẹ̀ ti kà á, ó ti mọ ilé tí èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí, ó sì ti mọ ohun tí ìwọ máa fi fèsì. Kò sí ẹni tó ń fi BODMAS bú ara wọn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú mìíràn pọ̀.

O wá ń sọ fún mi lálẹ́ àná pé, "Àńtí, èmi ò lórí ìṣirò ni." Ta ló ń bí ènìyàn mọ́ ìṣirò? Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, gbé iṣẹ́ kan jáde láti ìlú Recife ní Brazil. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọdé márùn-ún tó ń tajà nígboro, wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń rajà, wọ́n ń bi wọ́n ní iye owó àti ṣéńjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, nǹkan bí 98 ni àwọn ọmọ náà gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé bíi ti iléèwé fún àwọn ọmọ kan náà, wọ́n já wá sí nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí kan náà o! Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12 tó ń ta àgbọn, 35 cruzeiro ni àgbọn kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Iléèwé á ní kó fi òdo kan sí ẹ̀yìn 35. Ọmọ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ iye mẹ́ta, 105, ó fi mẹ́ta mìíràn lé e, 210, ó tún fi mẹ́ta lé e, 315, ó wá fi ọ̀kan tó kù sí i, 350. Bí ẹ bá gbé ọmọ yẹn wá sí ìsọ̀ aláta ní Ọjà'ba, ìyàtọ̀ èdè nìkan ni wọ́n máa rí.

Ní 2025 ni àwọn mìíràn tún gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde láti Kolkata àti Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, tọkọtaya tó gba ẹ̀bùn Nobel, Banerjee àti Duflo, wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ọjà mọ ti ọjà, wọn ò mọ ti ìwé. Àwọn ọmọ iléèwé tí kò tajà rí ńkọ́? Wọ́n mọ ti ìwé, ti ọjà dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí ló dùn mí jù, torí ìwọ gan-an ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Ìyá àgbà rẹ mọ ti ọjà. Ìwọ ní sátífíkéètì ti ìwé. Ó yẹ kí méjèèjì pàdé nínú orí rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ni méjèèjì ti sọ nù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń bú iléèwé. Ta ni mo jẹ́! Mo wà lára àwọn ọmọ tí Awólọ́wọ̀ fi iléèwé ọ̀fẹ́ kó wọ kíláàsì ní January 1955. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan nígbà náà, ṣílè 20 ni pọ́ùn kan, tọ́rọ́ wà, sísì wà, a ó sì máa pín pọ́ùn méje ṣílè mẹ́tàlá sí ọ̀nà mẹ́sàn-án títí omi á fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, tí pọ́ùn kan di náírà méjì, àwa tíṣà ń kọ́ àwọn òbí lójúlé-ojúlé bí wọ́n ṣe máa yí i. Ìyá àgbà rẹ ò wá bá wa. Ó ní, "Ṣebí ìlọ́po méjì ni," ó sì ń tajà rẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ ibi tá a wà ní ẹ̀bá Mápó yìí náà sì ni iléèwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n kọ́ ní ìwé, Yéjídé àti Akínyẹlé. Nínú ìdílé yẹn kan náà ni Ọmọlọ́lú Olúnlóyọ̀ ti jáde lẹ́yìn náà, tó gba oyè dókítà nínú ìṣirò ní St Andrews ní Scotland ní 1961, tó ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Poli Ìbàdàn, tó tún ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ fún oṣù mẹ́ta ní 1983 kí àwọn sójà tó dé. Ó kú ní April 2025, ẹni ọdún 89. Ọmọ Ìbàdàn ni. Nítorí náà, bó o bá tún ní o ò lórí ìṣirò, má sọ pé ará ilé wa ni ọ́.

Ìwọ á ní àwọn yẹn jẹ́ àkàndá. Alájọ Ṣómólú ńkọ́? Ṣebí ẹ̀ ń fi orí rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ bí orí ẹnìkan bá pé. Ènìyàn gidi ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ́n bí i ní 1915, ó kú ní 2012. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Wọ́n tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Mọ́tò kò lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó ṣírò rẹ̀ ni.

Ìwọ tó ò ń dá ₦500 lóòjọ́ fún alájọ, ṣé o mọ iye tí ò ń san? Ọjọ́ 31 jẹ́ ₦15,500, owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ₦15,000 bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Kò burú, nǹkan bíi náírà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn wá bá ọ. Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá, o sáré lọ gbà á ní ọjọ́ kẹwàá torí aṣọ ẹbí. ₦5,000 lo dá, ₦500 rẹ̀ náà ló mú. Ìdámẹ́wàá owó rẹ ló lọ yẹn! Bàtà tó o fi lé aṣọ ẹbí náà ńkọ́, èyí tí wọ́n ní àwọn gé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí rẹ̀? ₦10,000 ni bàtà yẹn kí wọ́n tó gbé e sí ₦15,000. Wọ́n wá gé e, ó di ₦10,500. O fi ẹ̀dínwó san ₦500 lé e, o tún ń jó.

Mo ti sọ̀rọ̀ débi tí mo ń lọ. Jókòó dáadáa.

Ìyá rẹ ní o fẹ́ lọ gba owó gbọ́mú-lé-lántà lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in fún àwọn obìnrin ládùúgbò, kó o fi ta epo pupa. ₦200,000. Wọ́n ní "ogún nínú ọgọ́rùn-ún péré" ni èlé rẹ̀, kó o máa san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìyẹn jẹ́ ₦240,000, ₦40,000 ni èlé, ogún nínú ọgọ́rùn-ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ₦200,000 kì í wà lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ 24, àbí ó wà? Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lò ń dá a padà. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì owó wọn ti padà sí ọwọ́ wọn, síbẹ̀ èlé tí ò ń san ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò dín ní kọ́bọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó o bá pín in dọ́gba, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, nǹkan bí ₦8,333 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ nínú owó wọn, wàá sì san ₦10,000. Èlé nǹkan bí ₦1,667 lórí ₦8,333, fún ọ̀sẹ̀ kan! Bá a bá wo iye tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ju nǹkan bí ₦104,000 lọ tá a bá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dá a dọ́gba. ₦40,000 lórí ₦104,000 ti lé ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún, ní oṣù tí kò tó mẹ́fà. Ibo ni ogún péré wà níbẹ̀?

Ó tún kù. Wọ́n á yọ ₦3,000 owó fọ́ọ̀mù, wọ́n á di ₦20,000 mú gẹ́gẹ́ bí ìdógò tí wọ́n á fún ọ bó o bá san án tán. ₦177,000 ni wàá kó délé, èlé ₦200,000 ni wàá máa san. Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, gbèsè ọrùn rẹ kò tó ₦17,000, ìdógò rẹ tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ₦20,000. Ìwọ lò ń yá wọn lówó nígbà yẹn, Àdùkẹ́, ìwọ náà lo sì tún ń san èlé!

Epo yẹn ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ìgò 75cl mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú ìkángun díẹ̀. Ká ní o ra kẹ́ẹ̀gì ní ₦40,000, tó ò ń ta ìgò ní ₦1,400, ìgò 33 á mú ₦46,200 wá. Yọ owó ọkọ̀ àti owó ìgò, ká pe méjèèjì ní ₦1,700, ó ku ₦4,500 lórí kẹ́ẹ̀gì kan. ₦177,000 yẹn kò lè ra ju kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ. Bó o bá ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán lọ́sẹ̀, èrè rẹ jẹ́ ₦18,000, o kó ₦10,000 fún wọn, ₦8,000 kù fún ìwọ àti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin jẹ́ ìgò 132. Bó o bá fi ọjọ́ Àìkú sinmi, ìgò 22 ni wàá tà lójúmọ́. Ta ló fẹ́ ra ìgò epo 22 lọ́wọ́ rẹ lójúmọ́, ní ẹ̀bá Mápó yìí tí àwọn elépo mẹ́ta ti jókòó kó o tó dé? Bó o bá ta kẹ́ẹ̀gì méjì péré, èrè rẹ ₦9,000, ojú owó lo máa fọwọ́ kàn kó o tó lè san ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó o bá sì tún ń mú ₦8,000 yẹn jẹun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá fi di oṣù kejì, kẹ́ẹ̀gì kan á ti sọ nù nínú mẹ́rin, kò sì sí olè tó jí i.

Mi ò ní kó o má tajà. Iṣẹ́ tó tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan, kí èmi àti ìyá rẹ jọ dá a fún ọ, láìsí èlé. Tà á fún oṣù kan, kó o mọ iye ìgò tó ń lọ lójúmọ́, kó o máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Iye tó bá jáde níbẹ̀ ló máa sọ bóyá o lè ru gbèsè ₦200,000 tàbí o ò lè ru ú. Bí àwọn olówó yẹn bá tún dé ní ọjọ́ Ajé, béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ni èlé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn lórí owó tó bá kù. Bí wọn ò bá lè dá ọ lóhùn, má tọwọ́ bọ̀wé wọn.